Orúkọ Nìkan Kò Tó: Bí A Ṣe Ń Dá Igi Agbáyun Mọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi àpérò àjọyọ̀ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa)

   

Mo mọ̀ pé nígbà tí Ààrẹ kéde pé Alukoro ló máa sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá: bí a ṣe ń yá owó báǹkì, bí a ṣe lè sá fún àwọn tó ń fi fóònù lu jìbìtì. Ẹ fọkàn balẹ̀. Igi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, igi kékeré inú igbó kan tí gbogbo wa mọ̀, tàbí tí a rò pé a mọ̀. Agbáyun ni.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ fẹnu kò pé a ó gbin ogójì agbáyun sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti kàwé, kí ó jẹ́ ìrántí ọdún kẹwàá wa. Mo fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí akápò fẹ́ sanwó fún ẹni tó máa kó igi náà wá, èmi ni mo dìde tí mo ní kí ó dúró ná. Inú bí àwọn kan sí mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ báǹkì ni mí lóòótọ́, pé owó kì í fẹ́ kúrò lọ́wọ́ mi. Àlàyé tí n kò ráyè ṣe lọ́jọ́ náà ni mo wá ṣe lónìí.

Ohun tí ojú mi rí

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, dókítà sọ fún ìyá mi pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ, kí wọ́n jáwọ́ nínú ṣúgà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Màmá mọ̀ pé ògì ni oúnjẹ àárọ̀ wọn, ògì tó kan dáadáa, tí wọ́n á wá da ṣúgà sí i títí ẹnu wọn á fi gbà á. Láti ọjọ́ náà ni ògì ti di ìjà láàárín wa. Bí wọ́n bá mu ún láìsí ṣúgà, wọ́n á gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn ṣíbí méjì.

Ìgbà náà ni mo rántí agbáyun. Àwa tí wọ́n bí láàárín 1977 sí 1979, ta ló gbàgbé? Bí a bá ti jáde níléèwé, a ó yà sínú oko kòkó, a ó já agbáyun sẹ́nu, a ó fi ahọ́n yí i kiri, a ó tu kóró rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ni a ó wá mú ọsàn wẹ́wẹ́, tí a ó máa mu ún bí ẹni ń lá oyin. A ó tún wá ọmọ kan tí kò jẹ agbáyun, a ó na ọsàn kan náà sí i. Ojú tó máa ń fún pọ̀ yẹn, ẹ̀rín rẹ̀ ṣì ń pa mí di òní. Díẹ̀ lára àwọn ọmọ náà wà ní ìjókòó yìí, n kò ní dárúkọ.

Mo lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń ta igi ọ̀gbìn lẹ́bàá títì. Mo ra mẹ́rin. Ó ti lẹ pépà mọ́ ọ̀rá tí wọ́n gbin wọn sí, ó kọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é sí i gàdàgbà: Synsepalum dulcificum. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Mo kó wọn délé. Màmá jáde, wọ́n já ewé kan, wọ́n wo ojú ibi tí wọ́n ti já a, wọ́n fi àtàǹpàkò rà á, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí kì í ṣe agbáyun."

Mo ní, "Màmá, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára."

Wọ́n ní, "Ta ló kọ ọ́? Igi náà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbin ín. Fún ọdún mẹ́rin ni mo ń bomi rin ín, tí mo ń da ewé jíjẹrà sí ìdí rẹ̀. Nígbà tó so, èso dúdú wínníwínní ni, tó so pọ̀ ṣùpọ̀ṣùpọ̀. Kò sí ẹyọ kan tó pọ́n nínú wọn, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sẹ́nu. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Owó tí mo san kò dùn mí tó ọdún mẹ́rin yẹn. Lójú ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọdún mẹ́rin kì í ṣe nǹkan kékeré.

Káàdì ìfọwọ́sí igi

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi ṣàlàyé. Ní báǹkì, orúkọ nìkan kì í tó wa. Mo ti rí oníbàárà méjì tí orúkọ wọn bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí akọ̀wé orí káńtà bá wo orúkọ nìkan, yóò gbé owó Táyé fún Kẹ́hìndé. Ìdí nìyí tí a fi ń tọ́jú káàdì ìfọwọ́sí. Lọ́jọ́ tí ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ fọwọ́ sí káàdì kan, ẹ sì fún wa ní fọ́tò. Bí ìwé sọ̀wédowó bá dé lẹ́yìn ogún ọdún, káàdì náà la ó mú jáde, a ó gbé méjèèjì kọjú síra wọn. Kì í ṣe pé ìfọwọ́sí orí káàdì ló dára jù. Ohun tí a fi ń lò ó ni pé gbogbo wa ti gbà pé òun ni ẹlẹ́rìí.

Àwọn onímọ̀ igi náà ní káàdì ìfọwọ́sí tiwọn. Lóde òní, bí ẹnìkan bá fẹ́ fún igi kan lórúkọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ẹ̀ka igi náà kan tí wọ́n ti tẹ̀ gbẹ, tí wọ́n tọ́jú síbi tí ẹlòmíràn ti lè rí i. Ẹ̀ka náà ni ẹlẹ́rìí. Bí àríyànjiyàn bá dé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, òun ni wọ́n máa mú jáde.

Ti agbáyun ní ìtàn. Láti 1799 sí 1803, ọmọ ilẹ̀ Denmark kan tó ń jẹ́ Peter Thonning wà ní etíkun Gánà òde òní, ó ń já ewé, ó ń tẹ̀ wọ́n gbẹ, ó sì ń kọ àlàyé wọn sílẹ̀. Ó kó wọn lọ sí Copenhagen. Ní 1807, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú náà, iná sì jó àkójọ tó wà lọ́wọ́ Thonning fúnra rẹ̀. Ohun tó kó iṣẹ́ náà yọ ni pé ó ti pín ẹ̀dà púpọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ gbọ́ o: ìwé tó ní ẹ̀dà kan ṣoṣo, iná ló ń dúró dè. Ní 1827, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Schumacher tẹ iṣẹ́ Thonning jáde, inú rẹ̀ ni agbáyun ti gba orúkọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Bumelia dulcifica.

Ìyàwó tó yí orúkọ padà

Ẹ ó sọ pé, "Alukoro, orúkọ tí o kọ́kọ́ dá yàtọ̀ sí èyí." Òótọ́ ni. Orúkọ igi nínú ìwé máa ń jẹ́ méjì. Èkíní dà bí orúkọ ìdílé, èkejì dà bí orúkọ àbísọ. Bí ìmọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, wọ́n lè rí i pé ilé tí wọ́n kọ́kọ́ fi igi náà sí kì í ṣe ilé rẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ sílé tó yẹ ẹ́. Ní 1844, Alphonse de Candolle gbé e lọ sílé tí wọ́n ń pè ní Sideroxylon. Ní 1852, W. F. Daniell, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣiṣẹ́ ní etíkun wa níhìn-ín, kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn apòògùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pè é ní Synsepalum dulcificum. Ibẹ̀ ló wà di òní.

Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ àbísọ rẹ̀ kò yí, àfi ìparí rẹ̀ díẹ̀. Dulcificum túmọ̀ sí èyí tó ń sọ nǹkan di dídùn. Bí obìnrin tó lọ sílé ọkọ ni: orúkọ bàbá lè yí, orúkọ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ kẹjọ ṣì wà. Bí ẹ bá wá rí orúkọ mẹ́ta nínú ìwé mẹ́ta, ẹ má rò pé igi mẹ́ta ni. Ó dà bí oníbàárà tó ní àkáǹtì mẹ́ta ní báǹkì mẹ́ta: BVN kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀.

Ìdílé ńlá tí wọ́n tún fi agbáyun sí ni Sapotaceae. Ẹ mọ àwọn ẹbí rẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Àgbálùmọ̀ wà níbẹ̀. Igi emi tí a ti ń rí òrí náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi kóró àgbálùmọ̀ ṣeré rí, tó rí bó ṣe ń dán, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì rí fúrúfúrú bí ojú àpá, kí ó tu kóró agbáyun sí àtẹ́lẹwọ́, yóò rí i pé ọmọ bàbá kan ni wọ́n.

Èso ìyanu méjì

Ìdí mìíràn tí orúkọ ìwé fi wúlò ni pé orúkọ ẹnu máa ń rìn gbéregbère. Agbáyun wa yìí, àwọn Fọ̀n ní ilẹ̀ Benin ń pè é ní sisrè, àwọn Akan ní Gánà ń pè é ní asaa. Àwọn òyìnbó ń pè é ní èso ìyanu. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, nítorí wọ́n tún ń pe ohun mìíràn ní èso ìyanu, ohun náà sì wà nínú ilé ìdáná yín: ewé eéran, ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ín-mọ́ín.

Orúkọ ìwé ewé eéran ni Thaumatococcus daniellii. Daniell kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fi sọrí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bá agbáyun tan rárá. Ewé eéran kì í ṣe igi. Láti inú ilẹ̀ ni ọ̀pá ewé rẹ̀ ti ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni èso rẹ̀ wà, pupa, oníhà mẹ́ta, pẹ̀lú kóró dúdú. Nǹkan rírọ̀ tó wà lára kóró náà dùn fúnra rẹ̀, ó sì dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 2,000. Òun ni wọ́n ń fún tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ àti ṣingọ́ọ̀mù lókè òkun.

Agbáyun ní tiẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ẹnu ló ń tún ṣe. Ní 1968, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà àti ní Netherlands rí ohun tó wà nínú rẹ̀ yọ, wọ́n sì pè é ní miraculin. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn. Bí kíkan kò bá dé, kò ní ṣe nǹkankan. Bí kíkan bá dé, ahọ́n á gbà pé adùn ló dé. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí sí wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sè é, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá rà èso ìyanu láìbéèrè èwo, kò mọ ohun tó rà.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ó ku bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun tí Màmá kọ́ mi àti ohun tí mo kà bára mu, mo sì kó wọn jọ báyìí.

Èkíní, ẹ wo ìdúró rẹ̀. Igi kékeré abẹ́ igbó ni. Kì í sábà ju mítà mẹ́fà lọ, abẹ́ òjìji ló sì fẹ́ràn.

Èkejì, ẹ wo ewé. Orí ẹ̀ka ni wọ́n ń ṣùjọ sí. Ewé kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́wàá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí, ó fẹ̀ sí i lápá orí, ó ń dán, etí rẹ̀ kò sì ní eyín bí ayùn. Èyí tí mo rà, gbogbo ojú ọ̀nà ẹ̀ka ni ewé rẹ̀ tò sí.

Ẹ̀kẹta, ẹ já ewé tàbí kí ẹ há èèpo díẹ̀. Oje funfun díẹ̀ yóò yọ, bíi ti àgbálùmọ̀. Ohun tí Màmá ń wò lọ́jọ́ náà nìyẹn tí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oje nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ọ̀pọ̀ igi olóró ló ní oje funfun.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo òdòdó. Ó kéré, ó funfun díẹ̀, ìdí ewé ló ti ń yọ. Àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó di òdòdó náà mú nísàlẹ̀ so pọ̀ bí ife. Ohun tí Synsepalum gan-an ń sọ nìyẹn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wo èso. Ó pupa fòò, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, kóró kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà ni títọ́ wò, ìgbẹ̀yìn ni mo sì fi sí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi ẹnu dán èso igbó wò láti mọ ohun tó jẹ́. Ìgbà tí márùn-ún ìṣáájú bá ti pé tán ni ẹnu lè wá jẹ́rìí.

Ẹyọ kan tó kù

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Màmá ní kí n gbé àwọn lọ sí oko àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń já agbáyun ní kékeré ti di ilé. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá odò, lábẹ́ igi obì kan, a rí ẹyọ kan. Ó so. Màmá já ọ̀kan, wọ́n nù ún, wọ́n fi sẹ́nu. Wọn ò sọ nǹkankan. Nígbà tí a padà délé, wọ́n ní kí wọ́n po ògì wá. Wọ́n mu ún tán láìbéèrè ṣúgà.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o: agbáyun kì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ. Kò mú oògùn dókítà kúrò, ògì sì ṣì ń di ṣúgà nínú ara. Ṣúgà tí à ń dà lé e lórí nìkan ló gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọsàn tó kan ṣì kan, bí ahọ́n kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kí ó rọra ṣe.

Mo ya ẹ̀ka kan tó ní ewé àti èso, mo tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn, mo gbé òkúta lé e, mo ń pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí ó fi gbẹ. Mo gbé e lọ sí ilé ìpamọ́ ewé gbígbẹ tó wà ní ilé ìwádìí igbó ìjọba ní Ìbàdàn, èyí tí a mọ̀ sí FRIN. Ẹni tó dá mi lóhùn kò kọ́kọ́ béèrè orúkọ igi náà. Ohun tó béèrè ni pé: Níbo lẹ ti já a? Ọjọ́ wo? Báwo ló ṣe ga tó? Àwọ̀ wo ni èso rẹ̀ nígbà tó tutù? Kí ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é? Ó dà bí ìgbà tí èmi gan-an ń ṣí àkáǹtì fún ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀ka mi kọjú sí ti inú àkójọ wọn. Wọ́n bára mu. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, wọ́n ní, "Ìwé ti wá gbà pé òótọ́ ni mo sọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, wọ́n ti ta ilẹ̀ tí igi yẹn wà. Mo dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ti ri òkúta àmì wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ ẹgbẹ́ wa.

Èkíní, kí a má sanwó ogójì igi fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi rí ewé, oje àti èso igi tó ti mú irúgbìn wá.

Èkejì, kí Ààrẹ àti Baba Ìsàlẹ̀ bá ẹbí tó ni ilẹ̀ náà àti ẹni tó rà á sọ̀rọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí a ká èso rẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Kóró agbáyun kì í pẹ́ kú bó bá gbẹ. Bí a bá tu ú lẹ́nu, kí a gbìn ín láàárín ọjọ́ díẹ̀, sábẹ́ òjìji, sínú ilẹ̀ tó kún fún ewé jíjẹrà. Kò ní yára dàgbà. Yóò tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó so. Ẹ má jẹ́ kí ó sú wa.

Ẹ̀kẹta, kí a tẹ ẹ̀ka kan gbẹ, kí a fi sínú gíláàsì ní ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé, pẹ̀lú orúkọ tí àwa ń pè é àti orúkọ ìwé rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè gbé ewé ọwọ́ wọn kọjú sí i. Kí a fi ẹ̀dà kejì sí ààfin. Ẹ rántí iná Copenhagen.

Ọdún mẹ́wàá ni ẹgbẹ́ wa pé. Bí a bá gbin ojúlówó lọ́dún yìí, nígbà tí a bá máa ṣe ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ọmọ iléèwé yẹn á ti máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ tan ara wọn jẹ bí àwa náà ti ṣe. Màmá pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin lọ́dún yìí. Wọ́n wà lórí ìjókòó iwájú lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti sọ fún mi pé àwọn fẹ́ rí èso àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí a yára.

Ẹgbẹ́ wa kò ní túká. Ohun tí a bá gbìn yóò hù, yóò sì so èso tí a mọ orúkọ rẹ̀. 

Alukoro Ẹgbẹ́